Èsì: Ṣé òfin gba àgbá pòtétò ní Manchester?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ẹ ní ọmọ yín rí àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń fi páìpù oníke (PVC) ta pòtétò, òun náà sì fẹ́ ṣe tirẹ̀ ní Manchester.

Ní Amẹ́ríkà, òfin àpapọ̀ kì í sábà ka irú àgbá bẹ́ẹ̀ sí ìbọn tó bá jẹ́ eré lásán, àmọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Manchester wà le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 2017, ohun tó bá ní ọ̀pá bíi ti ìbọn, tí agbára ọta rẹ̀ ju júùlù 1 (ìwọ̀n agbára) lọ, ìbọn ni lójú òfin. Pòtétò gíráàmù 100 tó ń sáré mítà 30 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ti gbé júùlù 45! Èyí tó ń fi afẹ́fẹ́ ta ní àyè díẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti kọjá nǹkan bíi júùlù 16, ìwé àṣẹ ọlọ́pàá di dandan. Èyí tó ń fi iná ta kò tilẹ̀ ní àyè yẹn rárá.

Páìpù yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù jù. Omi ni wọ́n ṣe é fún. Tí afẹ́fẹ́ bá bẹ́ ẹ, á fọ́ wẹ́wẹ́ bí ìgò, òtútù Manchester á sì tún jẹ́ kó tètè fọ́.

Tó bá jẹ́ tèmi, rọ́kẹ́ẹ̀tì olómi ni kó ṣe: ìgò mínírà oní-lítà 2, omi díẹ̀, pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́, pápá gbalasa. Èmi àti ọmọ mi ṣe é lọ́dún tó kọjá; ó fò kọjá igi, aṣọ mi sì rin gbingbin. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ wo orí rẹ̀ o, okùn gígùn ni kẹ́ ẹ fi tú u.