Kí ni ìtumọ̀ "má jẹ ọ̀kùn, má jẹ ekòló" gan-an?

Àbúrò mi, mo ti ka ìbéèrè ẹ. O ní Sátidé tó ń bọ̀ lẹ máa sin bàbá yín l'Óṣogbo níbí, pé ìwọ ni wọ́n ní kó sọ̀rọ̀ ìdágbére lójú oórì, àna yín kan wá ní kó o má dán "má jẹ ọ̀kùn, má jẹ ekòló" wò, pé ọfọ̀ ni, pé òun làwọn ará ijọ́un fi ń jí òkú, bíi ti Frankenstein inú fíìmù òyìnbó tí wọ́n jí tó wá ń pààyàn kiri. Ká sòótọ́, inú bí mi. Kì í ṣe ìwọ ló bí mi nínú o, ìwọ béèrè, o ṣe dáadáa. Àwọn tó ń tú ohun tí wọn ò mọ̀ fọ́mọ ọlọ́mọ ló bí mi nínú. Mo gbọ́ irú ẹ̀ lórí rédíò láìpẹ́ yìí, ẹnì kan ní torí kòkòrò inú sàréè ni, pé à ń bẹ òkú kó má jẹ èyí tó bá bá níbẹ̀. Ta ló sọ fún un pé òkú ń jẹun nínú sàréè?

Ẹ jẹ́ ká sọ gbólóhùn náà tán ná, torí ìlàjì ẹ̀ ni gbogbo wọn máa ń dì mú. "Bó o bá dé ọ̀run, má jẹ ọ̀kùn, má jẹ ekòló, ohun tí wọ́n bá ń jẹ lájùlé ọ̀run ni kó o bá wọn jẹ." Ìparí yẹn lọ̀rọ̀ wà. Bá wọn jẹ. Yorùbá ò fi oúnjẹ ṣeré, tó o bá wọlé bá ẹni tó ń jẹun, á ní "ẹ wá ká jẹun", ìwọ náà á ní "á gba ibi ire", bó ò tiẹ̀ fọwọ́ kan òkèlè kankan, ẹ ti mọ̀ pé èèyàn ara yín lẹ jẹ́. Ta ló wá ń jẹ ọ̀kùn àti ekòló? Ẹni tí ò nílé ni, ẹni tó ń dá rìn, tó ń túlẹ̀ kiri, tí ò sẹ́ni tó pè é wá jẹun. Ohun tá a ń sọ fún òkú ni pé má dúró sójú ọ̀nà o, má di alárìnkiri, lọ jókòó ti àwọn bàbá ẹ, kó o ki ọwọ́ bọ abọ́ pẹ̀lú wọn. Ọ̀rọ̀ tá a fi ń sin èèyàn délé ni àna yín wá ń pè ní ohun tá a fi ń jí òkú!

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún ìyá tó bí ìyá mi. Ilé wa n'Ísàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni, mi ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, wọn ò rántí lé mi jáde ni. Ìyá àgbà kan wọlé, aláró bíi tiwọn, àwọn méjèèjì ti jọ ń rẹ aṣọ láró láti kékeré, aró ti wọ àtẹ́lẹwọ́ ìyá yìí débi pé èékánná wọn dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Wọn ò sunkún. Wọ́n tún gèlè orí òkú ṣe bí ìgbà téèyàn ń múra fún ẹni tó ń lọ òde, wọ́n di àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ẹ̀ mú, wọ́n pè é nígbà mẹ́ta, Àjíkẹ́, Àjíkẹ́, Àjíkẹ́, Ìyèrú Ọ̀kín, Ọlọ́fà Mọjọ̀, ọmọ Ọlálọ́mí, wọ́n wá sọ gbólóhùn yẹn fún un jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni ń rán ọmọ níṣẹ́ lọ sí ọjà tí ò dé rí. Orúkọ ló kọ́kọ́ ṣáájú, ẹ fetí sí i dáadáa, torí tí wọn ò bá mọ ọmọ ẹni tó o jẹ́, ta ló máa sún fún ẹ nídìí abọ́?

Ó wá ku Frankenstein tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà yín. Ó dá mi lójú pé àna yín ò ka ìwé tí wọ́n fi ṣe fíìmù yẹn. Èmi kà á, mo tún un kà. Frankenstein kọ́ lorúkọ abàmì ẹ̀dá yẹn, orúkọ ẹni tó ṣe é ni, Victor Frankenstein, akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣa ẹ̀yà ara òkú jọ. Bí ẹ̀dá yẹn ṣe lajú báyìí ni Victor sá jáde, kò sì sọ ọ́ lórúkọ títí ìwé fi parí. Ṣé ẹ rí i pé òdìkejì ohun tí àna yín sọ ni? Kò sẹ́ni tó kì í, kò sẹ́ni tó pè é, bẹ́ẹ̀ ló ṣe di abàmì. Inú igbó ló ń sùn, èso igi ló ń ṣa jẹ, ó wá lọ fara pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilé ẹbí kan tó ń jẹ́ De Lacey, ó ń wò wọ́n láti ojú ihò bí wọ́n ṣe ń jẹun, bí wọ́n ṣe ń kàwé fúnra wọn, tó bá dòru á lọ ṣa igi ìdáná wá fún wọn, wọn ò mọ ẹni tó ń ṣe é. Ọjọ́ tó wọlé, bàbá arúgbó ilé yẹn tójú ẹ̀ fọ́ dá a lóhùn dáadáa, àfi bí àwọn ọmọ ṣe dé tí wọ́n rí i, igi ni wọ́n fi nà án jáde. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í pààyàn. Ọ̀kùn àti ekòló gan-an nìyẹn.

Mary Shelley tó kọ ọ́, 1818 ni ìwé ẹ̀ jáde. Ìyá ẹ̀ kú lọ́jọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tó bí i ní 1797. Ní 1815 òun náà bí ọmọ tóṣù ẹ̀ ò pé, ọmọ ò lò tó ọ̀sẹ̀ méjì tó fi kú, ó wá kọ ọ́ sínú ìwé tó ń kọ ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ sí pé òun lálàá pé ọmọ náà jí, pé òtútù lásán ló mú un, àwọn fi ọwọ́ ra á lára níwájú iná, ó sì jí. Lọ́dún kejì, ọmọ ọdún 18, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé yẹn. Èmi gbà pé ẹkún tí ò rí ẹni bá a sun ló kọ, kò sẹ́ni tó máa yí mi lọ́kàn padà lórí ẹ̀. Ẹ sì wo ìparí ẹ̀. Victor kú sínú ọkọ̀ ojú omi láàárín yìnyín, ẹ̀dá yẹn wọlé, ó dúró lé òkú lórí, ó ń sunkún, ó ń tọrọ àforíjì. Ìrèmọ̀jé, orin arò àwọn ọdẹ, nìyẹn o! Ẹni tí wọn ò sọ lórúkọ ló wá dárò ẹni tó yẹ kó sọ ọ́ lórúkọ, ó wá fo jáde lójú fèrèsé bọ́ sórí yìnyín, kò sẹ́ni tó máa sọ fún òun náà pé kó lọ bá wọn jẹ.

Dracula náà ńkọ́, ìwé òyìnbó ti 1897 nípa òkú tó ń jáde mu ẹ̀jẹ̀ èèyàn? Àlejò ẹ̀ kíyè sí i pé bàbá yẹn kì í bá òun jẹun rárá. Àwọn ọdẹ wa tó ń ṣípà ọdẹ fún ẹgbẹ́ wọn tó kú, tí wọ́n ń kó irinṣẹ́ ẹ̀ lọ sígbó, nǹkan kan náà ni, kó má baà máa rìn láàárín wọn. Àkúdàáyà tó ń sá kúrò nílùú lọ́jọ́ tí ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ bá dé, òun náà ni.

Àwa ará Òṣogbo ló yẹ kó tètè yé. Nígbà tí àwọn Láròóyè àti Tìmẹ́hìn tó tẹ ìlú yìí dó gé igi tó wó sódò, ohùn ló jáde látinú omi pé "òṣó igbó, ẹ ti fọ́ ìkòkò aró mi", wọn ò sá, orúkọ yẹn ni wọ́n fi sọ ìlú.

Ṣùgbọ́n ẹ wá òkú tá à ń sin báyìí wò. Ìwé olójú ewé ogún tí fọ́tò kún inú ẹ̀, ọmọ á dìde, á ka Gẹ̀ẹ́sì lórí fóònù, ọdún tí bàbá wọ iṣẹ́, ọdún tó fẹ̀yìn tì, mọ́tò tó kọ́kọ́ rà. Mo lọ síbi ìsìnkú kan l'Ókè-Fìà níbi tí ọmọ márùn-ún ti sọ̀rọ̀, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ oríkì bàbá ẹ̀. Àgbàlagbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kàn ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ fúnra wọn, ojú ń tì wọ́n láti dìde. Ó dùn mí títí mo fi délé.

Torí náà, bó o ṣe máa ṣe é nìyí. Ṣé àbúrò bàbá yín obìnrin ṣì wà? Lọ bá wọn lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, mú obì dání, kí wọ́n kọ́ ẹ ní oríkì bàbá yín àti ti ìdílé, kọ ọ́ sílẹ̀ tó o bá ń gbàgbé. Lọ́jọ́ Sátidé, jẹ́ kí pásítọ̀ tàbí ààfáà ṣe tiwọn tán, kó o wá sún mọ́ etí sàréè, má lo gbohùngbohùn, pe bàbá ẹ lórúkọ lẹ́ẹ̀mẹta, kì wọ́n, kó o sọ gbólóhùn náà tán, má dá a dúró síbi ekòló. Tí àna yín bá béèrè, ní èmi ni mo ní kó o ṣe bẹ́ẹ̀.