Owó agbáwo ní ilé oúnjẹ ẹran sísun àwọn ará Kòríà: ohun tójú mi rí

Ẹ kú ìnira o, ẹ̀yin tí ẹ béèrè bóyá owó agbáwo tí ilé oúnjẹ yẹn fi kún ìnáwó yín ṣe é gbà padà, nígbà tó jẹ́ pé odindi wákàtí kan ni wọn ò fi yà sídìí tábìlì yín. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, torí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí mi, tèmi sì ju ọ̀rọ̀ owó lọ.

Àwa mẹ́rin la lọ. Galbi ni wọ́n kọ́kọ́ gbé fún wa, ẹran tí wọ́n ti rẹ sínú omi sóyà àti ṣúgà. Wọ́n tanná sí èédú tó wà láàárín tábìlì wa, níbi tí a ti máa sun ẹran náà, wọ́n bá tiwọn lọ. Ṣúgà ara ẹran yẹn kì í pẹ́ jóná. Kò pẹ́ rárá tí irin ojú iná fi dúdú kirikiri, tí ẹran wá ń korò lẹ́nu. A ní kí wọ́n bá wa pààrọ̀ irin náà. “Mò ń bọ̀.” A tún pè. “Mò ń bọ̀.” Ẹ̀ẹ̀mẹta! Ẹ̀rọ tó yẹ kó máa fa èéfín lókè orí wa ò ṣiṣẹ́, omi ń dà lójú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pòròpòrò. Nígbà tí agbáwo náà dé, ìkánjú ló bá dé. Ó fi ẹ̀mú kó adìẹ tútù sórí iná, ẹ̀mú kan náà ló tún fi mú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tó ti jinná sínú àwo wa. Mo rí i pẹ̀lú ojú ara mi, mo sì dákẹ́, torí mi ò fẹ́ kí wọ́n ní mò ń wá ìjà. Ìdákẹ́ yẹn ń dùn mí títí dòní.

Lọ́jọ́ kẹta, inú rírun, ìgbẹ́ gbuuru, ibà. Mo mú ẹjọ́ lọ bá àwọn tó ń bójú tó ìmọ́tótó ilé oúnjẹ, ohun tí wọ́n sì ń bi mí ni pé kí ni mo jẹ lánàá. Lánàá kẹ̀? Àyẹ̀wò ti ní Campylobacter ni, kòkòrò ara adìẹ tútù, ọjọ́ 2 sí 5 ló sábà máa ń lò nínú èèyàn kó tó fara hàn. Ṣé èmi ló yẹ kí n máa kọ́ wọn níṣẹ́ wọn?

Àwọn tó pe ara wọn ní ọ̀mọ̀ràn oúnjẹ Kòríà náà á máa sọ pé ìwọ lo ò pariwo, pé ní Kòríà “jeogiyo” ni wọ́n fi ń ké sí agbáwo. Òótọ́ ni, àmọ́ lọ́hùn-ún náà, ọ̀pọ̀ tábìlì ló ní aago tí wọ́n ń tẹ̀. Ẹni tó ké lẹ́ẹ̀mẹta tí wọn ò dá lóhùn, kí ló tún kù tó máa ṣe?

Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá tún lọ síbòmíì, samgyeopsal, ìyẹn ẹran ikùn ẹlẹ́dẹ̀ tí wọn ò rẹ sínú nǹkan kan, ni kí ẹ kọ́kọ́ sun, kí galbi gbẹ̀yìn. Ẹ gba ẹ̀mú méjì, ọ̀kan fún tútù, ọ̀kan fún èyí tó jinná. Adìẹ gbọ́dọ̀ gbóná dé 74°C nínú. Tó bá jẹ́ ibi àjẹyó ni, ẹ ka iye àsìkò tí wọ́n fún yín, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n ń gbowó lórí ẹran tó bá ṣẹ́kù.

Ẹ̀n-ẹ́n, owó yín. Ẹ wo mẹ́núù wọn. Tí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá wù ló ń san án, ẹ ní ẹnu ọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ dandan, ó máa le díẹ̀, àmọ́ ẹ ṣì béèrè. Ọ̀gá ni kí ẹ kọ̀wé sí, kì í ṣe agbáwo. Ẹ kọ àsìkò tí ẹ pè wọ́n síbẹ̀, kí ẹ fi fọ́tò rìsíìtì sí i, kó sì jẹ́ lónìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jáfara, wọ́n ní àwọn ò rántí tábìlì wa mọ́.