Sọ́jà àháyà tó ń sá lójú ogun: kì í ṣe owó ló lé wọn

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mount & Blade: Warband ni mò ń gbá lórí láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí bùrọ̀dá mi fún mi. Mo kó sọ́jà àháyà bí ogójì jọ láti ilé ọtí oríṣiríṣi. Mò ń san owó wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, n ò jẹ wọ́n ní gbèsè rí. Síbẹ̀, ọjọ́ tí mo pàdé olóyè ìjọba Khergit kan ní pápá, wọ́n fọ́nká, àwọn kan kú, àwọn tó kù sá. Ẹnì kan ní Agbowó sọ fún mi pé nítorí wọn kì í ṣe ọmọ ìlú kan náà ni, pé irú wọn kì í jà tọkàntọkàn àfi tí owó bá pọ̀ rẹpẹtẹ. Ó ní òun á ta fáìlì owó àìlópin fún mi. Ṣé kí n rà á?"

(Ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn ju báyìí lọ, mo gé e kúrú. N ò tíì wo àwọn fọ́tò tó fi ránṣẹ́.)

Ìdáhùn: Àbúrò, má rà á.

Ǹ bá fi mọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́. Láptọ́ọ̀pù ni mò ń tún ṣe ní Ṣáńgó, n'Ìbàdàn, mo sì ní tábìlì mẹ́ta lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń gbá géèmù tí jẹnẹrétọ̀ bá wà lórí. Láàrin oṣù yìí nìkan, láptọ́ọ̀pù mẹ́rin ló ti dé iwájú mi tó jẹ́ pé irú "fáìlì owó" bẹ́ẹ̀ ló kó àìsàn ràn wọ́n. Ọ̀kan ò ṣí mọ́ rárá. Èkejì ń ṣí ojú ìwé tẹ́tẹ́ fúnra rẹ̀ láàárọ̀ kùtù, ìyá ọmọ náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé ọmọ òun ti di onítẹ́tẹ́. Ẹni tó ta fáìlì fún wọn ti pa fóònù.

Ohun tó bí mi nínú jù ni pé ohun tó ń tà wà nínú géèmù náà lọ́fẹ̀ẹ́. TaleWorlds, ilé-iṣẹ́ kan ní Ankara, orílẹ̀-èdè Tọ́kì, ló gbé Warband jáde ní 2010, àwọn fúnra wọn ló sì fi í síbẹ̀. Kí o tó tẹ Play, fèrèsé kékeré kan máa ń jáde. Tẹ Configure, wá ibi tí wọ́n kọ Enable Cheats sí, kí o fi àmì sí i. Tí o bá ti wọ inú géèmù, ṣí ibi tí ẹrù rẹ wà, di Ctrl mú, kí o tẹ X: ẹgbẹ̀rún dínárì, ìyẹn owó inú géèmù, á bọ́ sí àpò rẹ. Tún un tẹ̀, òmíràn á bọ́. Ẹni yẹn wá pọn omi nínú kànga ilé yín, ó dì í sínú ọ̀rá, ó ní kí o mówó wá.

Ibi tó wà ni mo fi hàn ọ́, n ò sọ pé kí o lò ó. Géèmù tí wọn ò fi nǹkan kan kún ni mo sì ń sọ o. Tí o bá ti gbé mod lé tìrẹ, ìyẹn àfikún tí àwọn mìíràn ṣe, ó lè ṣe ohun tí n ò retí. Kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, lọ sínú Documents, wá fódà tí wọ́n pè ní Mount&Blade Warband Savegames, kí o ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí fláàṣì. Tí géèmù rẹ bá bàjẹ́ láìní ẹ̀dà, má sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ni mo rán ọ níṣẹ́.

Ó dáa. Wá jẹ́ ká sọ ohun tó ń ṣe ọ́ gan-an, torí pé kódà kí o tẹ X títí ọwọ́ á fi bó, wọ́n á tún sá.

Nínú Warband, kò sí ibì kankan tí o ti lè fi owó kún owó. Iye tó tọ́ sí wọn lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Tí o bá san án, ó tán. Tí o ò bá san án, gbèsè náà á máa fa ọkàn wọn walẹ̀. Morale ni géèmù ń pe ọkàn yìí, bí ara wọn ṣe yá sí ogun tó. O ti san tìrẹ. Ẹni tó ti yó kì í yó lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé ìkòkò ọbẹ̀ ṣì kún.

Ọ̀rọ̀ "wọn kì í ṣe ọmọ ìlú kan náà" yẹn wá ni irọ́ tó dorí kodò jù nínú gbogbo ohun tó sọ. Ìjọba mẹ́fà ló wà nínú géèmù yìí: Swadia, Vaegir, Nord, Rhodok, Khergit àti Sarranid. Ọmọ tí o bá gbà ní abúlé Swadia, ọmọ Swadia ni títí tó fi máa kú. Ọjọ́ tí o bá gbógun ti Swadia, inú rẹ̀ á bàjẹ́, ọkàn rẹ̀ á sì rẹ̀ sílẹ̀, nítorí àwọn ará ilé rẹ̀ lo ní kó lọ pa. Ṣí Reports, kí o wo ìròyìn morale, wàá rí i pé wọ́n ka ìjọba kọ̀ọ̀kan síbẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Sọ́jà àháyà tó wá láti ilé ọtí ò sí lábẹ́ ìjọba kankan. Kò ní ìlú tí wàá jó tó máa dùn ún. Òun nìkan lo lè kó lọ bá ẹnikẹ́ni jà láìwẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi jẹ́ ìlọ́po kan ààbọ̀ ti sọ́jà bíi tirẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ìjọba. Ohun tí ẹni yẹn pè ní àbùkù gan-an lo ń san àlékún owó lé lórí.

Mo mọ ibi tí wọ́n ti gbọ́ ọ. Wọ́n ti wo fídíò ìtàn ìlú òyìnbó kan méjì, wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀ ni àwọn jagunjagun àháyà. Ẹ wá gbọ́ ìtàn náà dé ìdí. Ní 1346, ní Crécy, ọba Faransé Philip Kẹfà háyà àwọn alákàtàm̀pó láti Genoa ní Ítálì. Wọ́n rìn títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Àwọn asà ńlá tí wọ́n máa ń sá sẹ́yìn rẹ̀ láti tún àkàtàm̀pó wọn fà wà nínú ẹrù tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ̀, síbẹ̀ wọ́n lé wọn síwájú lọ bá àwọn tafàtafà Gẹ̀ẹ́sì tó tò sórí òkè. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ọfà bò wọ́n, wọ́n yí padà. Kí ni àwọn ẹlẹ́ṣin Faransé ṣe? Wọ́n pè wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀, wọ́n fi ẹṣin tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Ta ló ṣi iṣẹ́ ṣe níbẹ̀, ẹni tí a háyà ni àbí ẹni tó ní kí wọ́n máa lọ láìsí asà? Àbúrò, ohun tí o ṣe ní pápá Khergit nìyẹn.

Tí owó bá sì ni ẹ fẹ́ sọ, 1311 wà níbẹ̀. Walter ti Brienne, olórí Athens, háyà ẹgbẹ́ jagunjagun Catalan kan, wọ́n jà fún un, wọ́n borí. Ó wá yan díẹ̀ nínú wọn, ó ní kí àwọn tó kù máa lọ, nígbà tí owó wọn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n gbógun tì í, wọ́n pa á, wọ́n sì gba Athens mọ́ ọn lọ́wọ́. Gbèsè nìyẹn. Ìwọ ò jẹ gbèsè, jẹ́ ká gbé ìyẹn tì.

Ó yẹ kí àwa ará Ìbàdàn jẹ́ ẹni ìkẹyìn tó máa sọ pé àwọn tí kò wá láti ìlú kan náà ò lè jà pọ̀. Ní nǹkan bí 1829 tí àwọn jagunjagun tẹ̀dó síbí, Ọ̀yọ́ wà nínú wọn, Ifẹ̀ wà níbẹ̀, Ìjẹ̀bú wà níbẹ̀, Ẹ̀gbá náà wà níbẹ̀. (Mi ò sọ pé sọ́jà àháyà ni wọ́n o, kí onítàn kankan má wá mi wá sí Ṣáńgó. Ìkógun ni wọ́n ń jẹ, kì í ṣe owó ọ̀sẹ̀.) Ní nǹkan bí 1840, ọmọ ogun ìlú yìí kan náà ló ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo. Ẹ sì rántí pé ẹṣin ni agbára Ìlọrin. Ní pápá òdàn, ẹṣin wọn ni ọba. Nínú igbó, ẹṣin ò rí àyè sáré.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ rẹ wà. Orí ẹṣin ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn Khergit ń gbé, ọ̀pọ̀ wọn sì ń ta ọfà lórí ẹṣin náà. Mo mọ ohun tí o ṣe láì jẹ́ pé o sọ ọ́: ogun bẹ̀rẹ̀, o tẹ F1, o tẹ F3, gbogbo ayé sáré síwájú. Ẹlẹ́sẹ̀ ń lé ẹlẹ́ṣin ní pápá. Ọwọ́ wọn ò lè bá a láéláé. Wọ́n á fọ́n sọ́tùn-ún sósì, ẹṣin á yí po, wọ́n á máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan bá ti ń rí i tí ará ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń ṣubú, ọkàn rẹ̀ náà ń bọ́ sílẹ̀, nígbà tó bá yá á kọ ẹ̀yìn. Ọmọ Swadia tó ti di sọ́jà àgbà náà á sá níbẹ̀. Màmá mi á sá níbẹ̀.

Bí mo ṣe máa ń kọ́ àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù nìyí. Bí ogun bá ti bẹ̀rẹ̀, má sáré. Wò yíká, wá òkè, tàbí ibi tí igi pọ̀ sí, tàbí kí omi wà níwájú rẹ. Tẹ 1 láti bá àwọn ẹlẹ́sẹ̀ sọ̀rọ̀, 2 fún àwọn tafàtafà àti alákàtàm̀pó, 3 fún ẹlẹ́ṣin, 0 fún gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà, di F1 mú, àsíá á yọ, gbé àsíá náà lọ sí ibi tí o fẹ́ kí wọ́n dúró sí, kí o fi í sílẹ̀. Fi ẹlẹ́sẹ̀ síwájú. Abẹ́ F2 ni àṣẹ tó máa ń mú wọn súnmọ́ra wà, kà á lójú ìwòran, lò ó. Alákàtàm̀pó ni kí o fi sẹ́yìn wọn, sókè díẹ̀, kí wọ́n lè máa ta kọjá lórí àwọn tó wà níwájú. Àkàtàm̀pó máa ń pẹ́ kó tó ṣeé ta lẹ́ẹ̀kejì, ìyẹn ni wọ́n fi nílò ògiri ènìyàn níwájú. Ìwọ àti ẹlẹ́ṣin rẹ, ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ má ṣe nǹkan kan. Jẹ́ kí Khergit wá bá ọ. Ẹṣin tó bá gun òkè ti pàdánù eré rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá ti dín kù tàbí tí wọ́n kó sínú ẹlẹ́sẹ̀ rẹ ni F1, F3 ṣẹ̀ṣẹ̀ tó tẹ̀, fún ẹlẹ́ṣin nìkan pàápàá. Sùúrù yẹn ló máa ń nira fún wọn jù. Ọmọ kan wà tó máa ń jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀ kó má bàa tẹ F3.

Ohun mìíràn tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: kì í ṣe gbogbo ogójì ló ń wọ pápá lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú Options, Battle Size wà, láti 30 dé 150, iye ènìyàn tó lè wà lójú ogun nígbà kan náà, tìrẹ àti ti ọ̀tá pọ̀. Àwọn tó wà lókè nínú àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ ló ń kọ́kọ́ jáde. Mo fẹ́ máa fi nǹkan búra pé àwọn tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ háyà, tí ọ̀kọ̀ ṣì ń gbọ̀n lọ́wọ́ wọn, ló wà lókè tìrẹ. Wọ́n jáde, wọ́n kú, ọkàn gbogbo ilé já. Gbé Hired Blade, ìyẹn ẹlẹ́sẹ̀ àháyà tó lágbára jù, àti alákàtàm̀pó rẹ lọ sókè pátápátá.

Ìyókù ò gba àlàyé púpọ̀. Bí ẹgbẹ́ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ọkàn wọn ń rẹ̀, nítorí náà gbé Leadership, ìyẹn ìmọ̀ aṣáájú rẹ nínú géèmù, sókè kí o tó kó èrò: ipò kọ̀ọ̀kan fi àyè ènìyàn márùn-ún kún un, ó ń dín owó ọ̀sẹ̀ kù ní ìdá 5 nínú 100, ó sì ń gbé ọkàn sókè. Ra oúnjẹ oríṣiríṣi. Búrẹ́dì nìkan ò tó, fi oyin, wàràkàṣì, bọ́tà àti ẹja yíyan kún un. Ìwọ náà, tí wọ́n bá fún ọ ní ẹ̀bà láàárọ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́, wàá fi ilé sílẹ̀. Dín gbígba ẹlẹ́wọ̀n sínú ẹgbẹ́ kù, ó ń ba ọkàn àwọn tó kù jẹ́. Tí o bá ní odi, kó àwọn tí o ò nílò síbẹ̀, ìdajì owó ni wọ́n máa gbà.

Ní ti láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ rẹ, má gbé Battle Size dé 150 nítorí ohun tí mo sọ. Bẹ̀rẹ̀ láti 60, kí o fi ọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ogun kan. Tó bá gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, dín in kù. Mi ò lè ṣèlérí fún ẹ̀rọ tí n ò tíì rí. Tí o bá sì ti ra fáìlì yẹn kí o tó ka èyí, má ṣí i. Gbé e wá lọ́jọ́ Sátidé, kó tó di ọ̀sán, kí o sì mú ṣájà rẹ̀ dání. Ẹni tó wá kẹ́yìn gbàgbé tirẹ̀ sílé ní Àpẹtẹ̀, ó tún padà lọ mú un.