Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ilé manufactured àti ilé modular ní Amẹ́ríkà?

Òfin tí wọ́n fi kọ́ wọn ló yàtọ̀: manufactured ń tẹ̀lé òfin ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní HUD Code (HUD ni iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé gbígbé), modular sì ń tẹ̀lé òfin ilé kíkọ́ ti ìpínlẹ̀ tàbí àdúgbò tí wọ́n máa gbé e sí, bíi ilé yòówù tí wọ́n kọ́ sójú ilẹ̀ tó dúró sí gan-an.

Ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti ń kan méjèèjì. Férémù irin kì í kúrò lábẹ́ manufactured. Lórí rẹ̀ ni wọ́n ti ń fi táyà wọ́ ọ lọ. Òfin HUD bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà, ọdún 1976. Èyí tí wọ́n kan ṣáájú ìyẹn ló ń jẹ́ mobile home, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń pe gbogbo wọn bẹ́ẹ̀. Wo ara ògiri ìta: bí o bá rí irin pẹlẹbẹ pupa kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ọn, manufactured ni. Ó lè ti já sọnù o. Bó bá ti já, ìwé mìíràn tó ń fi hàn pé manufactured ni sábà máa ń wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná.

Ní ti modular, kírénì ló sábà máa ń gbé e sórí ìpìlẹ̀, ní abala-abala.