Èsì: Iṣẹ́ gaàrí fún ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ìlú lábẹ́ àṣẹ kóòtù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bèèrè bóyá àbúrò yín obìnrin tí kóòtù ní kó máa ṣe iṣẹ́ ìlú, bíi ilẹ̀ gbígbá, dípò ẹ̀wọ̀n l'Adó-Èkìtì lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gaàrí. Ó lè ṣe é. Tó bá jẹ́ kóòtù ìjọba àpapọ̀ ló dá a lẹ́jọ́, òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2015 ní iṣẹ́ ìlú náà kò gbọdọ̀ ju wákàtí 5 lóòjọ́ lọ, kò sì gbọdọ̀ kọjá oṣù 6; tó bá jẹ́ kóòtù ìpínlẹ̀ ni, kó wo ohun tí àṣẹ kóòtù náà sọ. Tí wọ́n bá ti lọ ẹ̀gẹ́ tán, abẹ́ jáàkì, irin tí wọ́n fi ń fún omi rẹ̀, ni yóò wà fún bí ọjọ́ 2 sí 3 kó tó kan. Kò dìgbà tó bá jókòó tì í. Yíyan ló ń gba àsìkò àti agbára, kó fi sí ọjọ́ tí kò sí iṣẹ́ ìlú. Ẹni tó gbálẹ̀ láàárọ̀, tó tún ń yan gaàrí nídìí iná lọ́sàn-án, àìsàn ló ń wá.

Ọjọ́ ọjà ló sábà ń dá wàhálà sílẹ̀: kó sọ fún òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó o ṣáájú, torí bó bá pa iṣẹ́ jẹ, kóòtù lè pè é padà. Owó èlé ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ńkọ́? Kó má tíì yá a o, sísan rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ kí gaàrí tó dọ́jà.