"Okun inú la fi ń gbé tìta": okun wo ni àwọn àgbà ń sọ?

Ìyàwó ilé kan ní Ìsánlú, ní ìpínlẹ̀ Kogi, tó jẹ́ pé Èkó ló dàgbà sí, ló béèrè ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ rẹ̀ pé oṣù 9, ó sì fẹ́ gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ èéyi, èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní measles. Ìyá ọkọ rẹ̀ wo ọmọ náà, ó rí i bó ṣe rí rọ̀bọ̀tọ̀, ó ní: "Okun inú la fi ń gbé tìta. Ọmọ tó ń jẹun báyìí, kí ló fẹ́ fi abẹ́rẹ́ ṣe?" Ìyàwó wa wá fẹ́ mọ ìtumọ̀ òwe náà, àti bóyá okun inú rẹ̀ ni Okun tí gbogbo wa fi ń kí ara wa.

Ọ̀kan náà ni, ìyàwó wa. Láti Kàbà dé Ìjùmú, dé Búnú, dé Yàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀, bó ti wù kí ẹnu wa yàtọ̀ síra tó, "Okun o" la jọ ń kí. Òun la fi ń kí ẹni tó ń ti oko bọ̀, òun náà la fi ń kí aláìsàn lórí ẹní. Ìkíni yìí ló wá di orúkọ tí wọ́n fi ń pe gbogbo wa pọ̀. Okun ni agbára tó wà nínú ara kó tó hàn lọ́wọ́. Tí o bá jókòó ti ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀, tí o wí pé "Okun o", àdúrà lo ń ṣe pé kí ohun tó ń jà nínú rẹ̀ má rẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni wọ́n sábà máa ń fi òwe náà sọ. Ẹni tí kò jẹ iyán, ebè mélòó ló fẹ́ kọ? Ìyá ọkọ rẹ kò ṣì í sọ níbẹ̀. Ọmọ tí oúnjẹ kò kánú a máa ṣàìsàn ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, torí inú oúnjẹ ni ara ti ń rí ohun tó fi ń jà. Ibi tí mi ò ti bá màmá lọ ni pé wọ́n ka okun sí ẹran ara nìkan.

Wo ọmọ tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀ níbi tó ti ń ṣa kajú. Lọ́jọ́ kejì, ojú ibẹ̀ á pọ́n, á wú, á gbóná tí o bá fọwọ́ kàn án. Tó bá yá, ọyún á dé, kókó kan á sì yọ níbi tí itan ti pàdé ikùn. A ó ní ẹsẹ̀ ti bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ okun inú lo ń wò yẹn. Awọ ara ni ògiri, ẹ̀gún ti lu ògiri, kòkòrò àìfojúrí ti bá ibẹ̀ wọlé. Ẹ̀jẹ̀ wá rọ́ síbẹ̀, ó gbé àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun, ọmọ ogun ara, dání, àwọn tí mùdùnmúdùn inú egungun ń ṣe lójoojúmọ́. Wọ́n ń gbé kòkòrò mì, wọ́n sì ń kú sẹ́nu iṣẹ́. Òkú wọn ló pọ̀ nínú ọyún náà. Kókó itan yẹn ní tirẹ̀ jẹ́ ibùdó tí àwọn mìíràn ti ń kọ́ bí ọ̀tá ṣe rí, tí wọ́n sì ń pọ̀ sí i, ló ṣe wú. Kódà ibà, ara ló dá iná yẹn fúnra rẹ̀ kó má baà rọ kòkòrò lọ́rùn. (Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fi ibà ọmọdé ṣeré o. Ọmọ tí ara rẹ̀ bá gbóná, ẹ tètè gbé e lọ síbi ìtọ́jú.)

Àwọn tó kọ́kọ́ dé ojú ọgbẹ́ yẹn, ẹni tí wọ́n bá bá ni wọ́n ń bá jà. Àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nínú kókó ni ó ní ọ̀tá tí oníkálukú wọn mọ̀. Ẹni tó mọ kòkòrò èéyi kò mọ ti ikọ́ ife. Nígbà àkọ́kọ́, ó lè gbà wọ́n ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kí wọ́n tó gbára dì, àìsàn kò sì ní dúró dè wọ́n. Ṣùgbọ́n tí ogun bá parí, díẹ̀ nínú wọn á ṣẹ́ kù, wọn kò ní gbàgbé. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ti ṣe èéyi kì í fi í ṣe é mọ́. Àwọn àgbà ti rí èyí nígbà olóde, ìyẹn ṣànpọ̀nná: ẹni tó ti kó o rí tó sì yè ló ń tọ́jú ẹni tó ń ṣe lọ́wọ́. Nígbà tí olóde jà ní Boston, ní Amẹ́ríkà, ní 1721, ohun tí ẹrú kan tí wọ́n kó láti Áfíríkà, Onesimus, ti sọ fún ọ̀gá rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ lé: wọ́n sín ẹni tí ara rẹ̀ ṣì le ní gbẹ́rẹ́, wọ́n fi díẹ̀ sí i lára nínú omi eéwo olóde, kí ara lè mọ̀ ọ́n. Àjẹsára ni àwọn baba wa ń pe oògùn tí a jẹ sára kí àìsàn tó dé. Orúkọ náà bá abẹ́rẹ́ mu gan-an.

Iyán kò lè kọ́ ara ní ìmọ̀ yìí, bó ti wù kó kúnná tó.

Oṣù 9 tí wọ́n dá fún ọ náà nídìí. Kí ọmọ rẹ tó wáyé, o ti fi lára ohun ìjà tí ara tìrẹ fi ń bá àìsàn jà ránṣẹ́ sí i láti inú olóbi. Omi ọmú àkọ́kọ́, tó ki, tó pọ́n bíi pupa ẹyin, kún fún irú rẹ̀ pẹ̀lú. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí pé wọ́n máa ń fún un dànù nílé wa, tí wọ́n ń pè é ní ọmú ìdọ̀tí. Okun ni wọ́n ń dà sílẹ̀. Èyí tó gba inú olóbi wọlé ń tán lọ díẹ̀díẹ̀. Tí wọ́n bá gún ọmọ ní abẹ́rẹ́ èéyi jù kíákíá, tìrẹ tó ṣẹ́ kù lára rẹ̀ á bá abẹ́rẹ́ náà jà, ara ọmọ kò sì ní kọ́ nǹkan kan. Ní oṣù 9, tìrẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá, tirẹ̀ kò tíì sí. Bó ti wù kó rí rọ̀bọ̀tọ̀ tó, ilé tí kò ní olùṣọ́ ni.

Èéyi tún burú ju bí a ṣe rò lọ. Ní 2019, àwọn onímọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ 77 wò ní Nẹ́dálándì, àwọn tí kò gba abẹ́rẹ́ tí èéyi sì mú. Ohun ìjà tí ara wọn ti kó jọ fún àwọn àìsàn mìíràn dín kù, láti ìdá 11 dé ìdá 73 nínú 100. Èéyi lọ tán, ó sì kó ìrántí ara lọ.

Nítorí náà, kúnlẹ̀ fún màmá, sọ pé òwe wọn dáa, okun inú náà lo ń gbé ọmọ wọn lọ gbà. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ jọ lọ. Tọ́jú káàdì rẹ̀ dáadáa, torí ẹlẹ́ẹ̀kejì ń bọ̀ ní oṣù 15. Okun o.