Ṣé kí n gbé ẹ̀gbọ́n lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà nítorí àbúrò?

ÌBÉÈRÈ: Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ méjì ni mo ní. Ọkùnrin ni ẹ̀gbọ́n, ó ti pé ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta. Obìnrin ni àbúrò, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pé. Láti ìgbà tí mo ti gbé ọmọ délé ni ẹ̀gbọ́n ti yí padà. Orí póò ló ti ń tọ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó tún ti ń tọ̀ sára. Tí mo bá ń fún àbúrò lọ́mú, á máa fa aṣọ mi, á ní òun náà fẹ́ mu ún, bẹ́ẹ̀ mo ti já a lẹ́nu ọmú nígbà tí oyún wọ oṣù kẹrin. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọ ilé ìdáná báyìí, ló bá gbá ọmọ lójú. Kì í jẹun dáadáa mọ́, ẹ̀kọ mímu oníṣúgà nìkan ló ń gbà. Èkó ni bàbá wọn ti ń ṣiṣẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wálé sí Ìbàdàn. Ìyá ọkọ mi ní kí n gbé e wá bá àwọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ kó lo ọdún kan, kí n lè ráyè tọ́jú àbúrò. Wọ́n tún ní tí mo bá jẹ́ kó fẹnu kan ọmú, yóò mu oúnjẹ àbúrò rẹ̀ tán. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọwọ́ lómi, màmá. Ọlọ́run á wò wọ́n.

Ẹ má tíì gbé e lọ. Nínú àwọn ọmọ méjèèjì, ẹ̀gbọ́n ló ń kọ mí lóminú jù. Ohun tí ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ń fẹ́ kò pọ̀: ọmú, ara mímọ́, oorun, kó sì máa gbọ́ ohùn yín. Gbogbo rẹ̀ ló ń rí gbà. Ẹ̀gbọ́n ni nǹkan ti ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gba ọmú lẹ́nu rẹ̀, wọ́n gba itan ìyá rẹ̀, wọ́n gba ẹ̀yìn tí wọ́n ń pọ̀n ọ́n sí. Tí ẹ bá wá gbé e kúrò nílé, lójú tirẹ̀, ọmọ tuntun ti lé òun jáde nìyẹn. Kò ní lè fẹnu sọ ọ́. Yóò kàn máa sunkún, tàbí kó dákẹ́ jẹ́ẹ́ kí àwọn àgbà máa yìn ín pé ara rẹ̀ ti balẹ̀.

A máa ń sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé, "Ìwọ ti di ẹ̀gbọ́n, ìwọ ti dàgbà." Òótọ́ ni pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méjì kì í ṣe àgbà o. Títọ̀ sára, bíbéèrè ọmú, gbígbá ọmọ lójú, kì í ṣe ìwà ìkà, kì í sì í ṣe pé ẹnì kan wà nídìí ẹ̀. Bó ṣe ń béèrè bóyá àyè òun ṣì wà nìyẹn.

Oúnjẹ rẹ̀ ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí díẹ̀, torí ohun tí ẹ fi sí ẹ̀yìn nínú lẹ́tà yín ló yẹ kó ṣáájú. Láti nǹkan bí ọdún 1930 sókè ni dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, ti ṣàkíyèsí àwọn ọmọ kan ní Gold Coast, tó di Ghana lónìí. Oúnjẹ àgbàdo ni wọ́n fi ń bọ́ wọn. Ẹsẹ̀ wọn wú, awọ ara wọn ń bó, irun wọn pọ́n, inú wọn kì í dùn sí ohunkóhun. Àìsàn tí gbogbo wa wá mọ̀ sí kwashiorkor nìyẹn. Ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú nítorí àbúrò, tí wọ́n wá fi ẹ̀kọ lásán rọ́pò ọmú, ló máa ń tètè bá jà. Ní àwọn ọdún 1950, dókítà David Morley tó wà ní Wesley Guild Hospital ní Iléṣà dá ibi àyẹ̀wò ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ibẹ̀ ni káàdì tí a fi ń tẹ̀ lé ìwọ̀n ọmọ lóṣooṣù ti gbilẹ̀ dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ilẹ̀ wa níhìn-ín ni wọ́n ti kọ́ ayé pé kí wọ́n máa wo ọmọ tí àìsàn kò tíì dá dùbúlẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwa fúnra wa kì í wọn ọmọ mọ́ lẹ́yìn tó bá ti gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ tán!

N ò sọ pé kwashiorkor ti mú ọmọ yín o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹ̀kọ mímu pẹ̀lú ṣúgà, omi àti adùn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ ògì ló ṣì ń gbà, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ pò ó kó ki, kó má máa ṣàn bí omi. Ẹ yan ẹ̀pà, ẹ bó èèpo rẹ̀, ẹ lọ̀ ọ́ kó kúnná dáadáa. Bí ògì bá ti ń hó, ẹ da ṣíbí méjì ẹ̀pà yẹn sí i, ẹ rò ó pọ̀, ẹ fi ìyẹ̀fun edé gbígbẹ díẹ̀ sí i. Òórùn rẹ̀ nìkan á mú un sún mọ́ ìkòkò. (Ẹ má fún un ní ẹ̀pà odindi, ó lè há a lọ́fun.) Lẹ́yìn náà, ẹ̀wà rírò tó rọ̀, mọ́ínmọ́ín, ẹyin, ẹja tí ẹ ti yọ eegun rẹ̀. Kó jẹun gidi ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, kó sì fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí àkàrà panu láàárín. Ẹ fún un ní abọ́ tirẹ̀, kí ẹ lè mọ iye tó jẹ. Kí ebi tó pa á jù ni kí ẹ fún un lóúnjẹ, ẹ má dúró dìgbà tí àbúrò bá sùn, torí nígbà yẹn ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀: ebi ti pa á kọjá bó ṣe yẹ, ẹkún ló kù.

Ní ti ọmú, ẹ bá mi kí ìyá wa, kí ẹ sì sọ fún wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé bí ọmọ bá ṣe ń mu ún ni ara ṣe ń pèsè rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ fún ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí àbúrò kọ́kọ́ mu yó, kó wá kàn án. Púpọ̀ nínú wọn á kàn tọ́ ọ wò, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì sá lọ ṣeré. Tí ẹ kò bá sì fẹ́, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ fà á mọ́ra lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ fún un ní nǹkan kan tó jẹ́ pé ìgbà tí àbúrò bá ń mu ọmú nìkan ló máa ń rí i. Àbúrò ní tirẹ̀, ọmú nìkan títí á fi pé oṣù mẹ́fà, omi pàápàá kò sí níbẹ̀, bí oòrùn Ìbàdàn tilẹ̀ ń ràn. Omi ló pọ̀ jù nínú ọmú.

Gbígbá tó gbá ọmọ lójú kò gbọdọ̀ tún wáyé, ọwọ́ yín ni ìyẹn sì wà. Ẹ má fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ nínú yàrá kan náà láìsí àgbà, kódà kó jẹ́ ìṣẹ́jú kan. Tí ẹ bá ń lọ sí ilé ìdáná, ẹ pọn àbúrò, tàbí kí ẹ pe ẹ̀gbọ́n tẹ̀ lé yín. Tó bá tún nawọ́, ẹ di ọwọ́ náà mú, ẹ wo ojú rẹ̀, ẹ ní, "A kì í lu ọmọ. Báyìí ni wọ́n ṣe ń fọwọ́ kàn án," kí ẹ sì fi ọwọ́ rẹ̀ yẹn pa àbúrò lẹ́sẹ̀. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá na ọmọ kó má bàa lu ọmọ ń kọ́ ọ ní lílù ni. Tó bá tọ̀ sára, ẹ pààrọ̀ aṣọ láìsọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe yẹ̀yẹ́. Yóò padà sórí póò rẹ̀. Àfi tí ìtọ̀ bá ń dùn ún, tàbí tó bá ń mu omi ṣáá tí òùngbẹ kò tán, ẹ gbé e wá kí a yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ tún jẹ́ kí n béèrè: oríkì tí ẹ fi ń jí i láàárọ̀ tẹ́lẹ̀, ṣé ẹ ṣì ń kì í? Ọ̀pọ̀ ìyá á sọ pé àwọn ti gbàgbé. Ẹ padà sídìí rẹ̀. Àwọn tó bá wá kí yín kú ewu ọmọ, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ kí ẹ̀gbọ́n.

Ìyá ọkọ yín lè ràn yín lọ́wọ́ gan-an, Ìbàdàn ni kí wọ́n ti ṣe é. Ẹ ní, "Ẹ̀yin mà ni ọmọ ń ṣàárò o, Màmá. Ẹ wá bá wa gbé fún oṣù kan." Kí wọ́n máa wẹ àbúrò, kí ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n jókòó síbi kan, ẹ̀yin méjì péré. Tó bá fẹ́ bá wọn ṣe nídìí ìwẹ̀, kó di ọṣẹ mú, kó gbé òrí wá. Omi gbígbóná nìkan ni kí ẹ ṣọ́. Omi tútù ni kó kọ́kọ́ wọ báàfù, kí gbígbóná tó tẹ̀ lé e, kí ẹ sì da èyí tó bá kù nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì nù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Omi díẹ̀ ní ìsàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì tó láti gbẹ̀mí ọmọ tó bá forí sọ ọ́. Bàbá wọn náà, bó bá dé ní ọjọ́ Sátidé, kó má sáré sídìí àbúrò. Kó mú ẹ̀gbọ́n lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, kí wọ́n ra ọsàn bọ̀. Tó bá di alẹ́, kí ẹ̀gbọ́n má sùn ti àbúrò. Kí àgbà wà láàárín wọn, kí ẹ tẹ́ àbúrò kó fẹ̀yìn lélẹ̀, kí gbogbo yín sì wà nínú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn.

Bí ó bá wá di dandan lọ́jọ́ iwájú kó lọ kí ìyá àgbà, kó jẹ́ ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti ń jẹun padà, kí ẹ̀yin fúnra yín sì sìn ín lọ.

Ní báyìí, ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí àbúrò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ìgbà náà ló máa gba àjẹsára rẹ̀ tó kàn. Ẹ mú ẹ̀gbọ́n dání lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, pẹ̀lú káàdì tirẹ̀ náà. Ẹ ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n fi okùn wọn apá rẹ̀: tí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 12.5, kí wọ́n má jẹ́ kí ẹ lọ láìgba ìtọ́jú. Ẹ bi wọ́n bóyá ó ti gba Vitamin A àti oògùn aràn láàárín oṣù mẹ́fà yìí. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bá ń wú, tàbí tí àbúrò kò bá mu ọmú, tí ara rẹ̀ gbóná, tí èémí rẹ̀ ń yára jù, ẹ má dúró de ọjọ́ àjẹsára. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ.